Koha fún ilé ìkàwé kéékèèké ní Èkìtì: ibi tó ti dára àti ibi tó ti ń dani láàmú

Bí ilé ìkàwé kan bá wà ní Ìjerò tàbí Òmùò, tí ó ní ìwé bí 3,000, tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ́jísítà ńlá àti àpótí káàdì, Koha, tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ́jísítà àti àpótí káàdì lórí kọ̀ǹpútà, ni sọ́fítíwíà tí a óò kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Ọ̀fẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n débi tí kò ní máa pe ọmọ kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà. Ó sì lè ṣiṣẹ́ nínú ilé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kó bá ọ̀dọ̀ wa mu. Àmọ́ kò rọrùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó rọrùn kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀.

New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 1999, fún àwọn ilé ìkàwé agbègbè Horowhenua, torí pé ètò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní lè ka ọdún 2000. Oṣù kìíní ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lédè Māori, ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè ní koha, ẹ̀bùn tí ẹni tó gbà á náà yóò padà fi tirẹ̀ kún un. Ó ti pẹ́ tí Nàìjíríà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: Ìbàdàn ni àwọn tó ń lò ó káàkiri àgbáyé ti ṣe àpérò wọn ní 2015.

Ojú méjì ni Koha ní. Ọ̀kan jẹ́ ti òṣìṣẹ́, níbi tí a ti ń yáni níwèé, tí a ti ń gba ìwé padà, tí a sì ti ń fi ìwé tuntun sínú kátálọ́ọ̀gì. Èkejì jẹ́ ti òǹkàwé, wọ́n ń pè é ní OPAC. Ibẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ti lè fi fóònù rẹ̀ wò bóyá ìwé wà nílẹ̀ tàbí ó ti jáde. Chrome tàbí Firefox ni a fi ń ṣí méjèèjì. A kì í fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ń pè ní sáfà ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Níbo wá ni sáfà náà yóò wà? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gba owó láti gbé Koha sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnni. Ó dára ní ti pé ẹlòmíràn ló ń ṣe àtúnṣe, ẹlòmíràn ló ń tọ́jú ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tàbí tí dátà bá tán láàárín oṣù, ẹ ti padà sórí bébà nìyẹn. Yunifásítì tó ní ẹ̀ka púpọ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dúró, lè gbà bẹ́ẹ̀. Fún ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ìjọ, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ gbé e sínú ilé: kọ̀ǹpútà kan tí yóò jẹ́ sáfà, ráútà kan, kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa gba orí Wi-Fi tàbí wáyà bá a sọ̀rọ̀. Ráútà náà kò nílò káàdì dátà kankan kí ìwé tó lè jáde.

Láàpútọ́ọ̀pù la fẹ́ fún iṣẹ́ sáfà yìí ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì ń gbé iná. Iná tó lọ lójijì lè ba àtọ́ka tí Koha fi ń wá ìwé jẹ́, bátìrì yẹn ni yóò sì fún yín láàyè láti pa á bó ṣe yẹ. RAM 4GB tó fún ilé ìkàwé kékeré, 8GB ló fini lọ́kàn balẹ̀, kí dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ SSD. Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn tó bá gbà báyìí lẹ́nu: tí ẹnìkan bá pa ìdérí láàpútọ́ọ̀pù náà dé, á sùn lọ, gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù á sì máa sọ pé àwọn kò rí Koha. Ẹ ṣí fáìlì /etc/systemd/logind.conf, ẹ wá ibi tí HandleLidSwitch wà, ẹ yọ àmì # tó wà níwájú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí: HandleLidSwitch=ignore. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ẹ wọ inú ráútà pẹ̀lú, kí ẹ fún sáfà ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà, bíi 192.168.1.10. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ráútà lè fún un ní àdírẹ́sì mìíràn lọ́jọ́ tí iná bá lọ tó sì padà dé, á wá dà bí ẹni pé Koha ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ilé ló kó kúrò.

Koha kì í gbé orí Windows. Debian tàbí Ubuntu ni ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀ sì ni ẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì tó já gaara. Tí ẹ bá ti fi àdírẹ́sì ibi tí àwọn Koha ń kó sọ́fítíwíà wọn sí kún ti apt, ètò tí Debian àti Ubuntu fi ń gba sọ́fítíwíà, ẹ ó fi koha-common àti mariadb-server sórí rẹ̀. Ẹ ó tẹ sudo a2enmod rewrite cgi headers proxy_http, ẹ ó ṣí /etc/koha/koha-sites.conf kí ẹ sọ INTRAPORT, ìyẹn nọ́mbà ọ̀nà (port) tí ojú ti òṣìṣẹ́ ń gbà, di 8080, ẹ ó wá tẹ sudo koha-create --create-db pẹ̀lú orúkọ tí ẹ bá fẹ́, ká ní ilekawe. Orúkọ yìí kò gbọdọ̀ ní àmì ohùn tàbí àlàfo. Bí ẹ bá tẹ sudo koha-passwd ilekawe, á fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ó fi wọlé nígbà àkọ́kọ́ hàn yín.

Ibi méjì ni àwọn ènìyàn ti sábà máa ń há níhìn-ín. Àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé láti kọ Listen 8080 sínú /etc/apache2/ports.conf, ojú ti òṣìṣẹ́ kò sì ní ṣí. Èkejì, wọ́n kò ní tẹ sudo a2dissite 000-default, nítorí náà dípò OPAC, ojú ewé ìkíni Apache, sọ́fítíwíà tó ń gbé ojú Koha jáde fún Chrome, ni òǹkàwé yóò máa rí. Lẹ́yìn méjèèjì, ẹ tún Apache bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Koha bá wá ń bi yín ní ìbéèrè lójú Chrome, ẹ mú MARC21, ẹ má mú UNIMARC; ìlànà méjì tí a fi ń to àkọsílẹ̀ ìwé ni wọ́n. Ìpinnu yìí kò ṣeé yí padà nírọ̀rùn lẹ́yìn tí ìwé bá ti wọlé.

Ìwé kankan kò gbọdọ̀ wọlé kí òfin tó wà nílẹ̀. Nínú Administration, ẹ kọ́kọ́ ṣe orúkọ ilé ìkàwé, lẹ́yìn náà irú ìwé, lẹ́yìn náà irú òǹkàwé, lẹ́yìn náà òfin ìyáwèé. Ẹ jẹ́ kí kóòdù kúrú, kí ẹ sì kọ wọ́n sára bébà kan tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ògiri: BK fún ìwé, REF fún èyí tí kì í jáde, ST fún akẹ́kọ̀ọ́, TC fún olùkọ́. Òfin tó bọ́gbọ́n mu láti fi bẹ̀rẹ̀ ni ìwé 2 fún ọjọ́ 14 fún akẹ́kọ̀ọ́, ìwé 5 fún ọjọ́ 30 fún olùkọ́. Ẹ ṣe òfin kan tó kan gbogbo irú òǹkàwé àti gbogbo irú ìwé pẹ̀lú, kí ẹni tí ẹ gbàgbé má bàa bọ́ sáàárín. Kàlẹ́ńdà ló wá kàn: ọjọ́ Àìkú, Àjíǹde, Iléyá, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Kàlẹ́ńdà tó ṣófo á jẹ́ kí ọjọ́ ìdápadà bọ́ sí ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn wà ní títì, ọmọ tí kò ṣe nǹkankan ni owó ìtanràn yóò sì já lé lórí. Kàlẹ́ńdà yìí kan náà ló ń jẹ́ kí Book drop mode wúlò: bí àwọn ènìyàn bá ti fi ìwé sílẹ̀ nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi àmì síbẹ̀ kí ẹ tó gbà á wọlé, Koha á kà á sí ọjọ́ tí ẹ ṣí kẹ́yìn.

Ní ti kíkọ́ òṣìṣẹ́, ẹ má gbé e lọ sí kátálọ́ọ̀gì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orí ìkànnì Koha ní àwọn Koha tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ìdánrawò, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ bá bàjẹ́ níbẹ̀ tó lè dun ẹnikẹ́ni, àfi kó má fi orúkọ òǹkàwé gidi síbẹ̀. Ọjọ́ méjì fún Check out àti Check in, ọjọ́ kan fún fífi orúkọ òǹkàwé tuntun sílẹ̀, ọjọ́ kan fún wíwá ìwé. Ẹni tó ti fi rẹ́jísítà ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ti mọ ìdí iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀; ibi tí yóò tẹ̀ nìkan ló kù, bí ẹ bá sì fi sùúrù mú màmá tàbí bàbá bẹ́ẹ̀, wọn a máa ṣọ́ra ju ọ̀dọ́ tó yára tẹ bọ́tìnnì lọ. Kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀. Ẹ má ṣe fún gbogbo ènìyàn ní superlibrarian, ìyẹn àṣẹ lórí ohun gbogbo. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì ìyáwèé kò nílò ju àyè láti yáni níwèé àti láti fi orúkọ òǹkàwé sílẹ̀ lọ.

Kátálọ́ọ̀gì ni ibi tí Koha ti dùn jù. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ tẹ New from Z39.50/SRU, ẹ tẹ ISBN ìwé náà, á lọ sí Library of Congress ní Amẹ́ríkà, á sì kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá: orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, nọ́mbà Dewey tí a fi ń pín ìwé sí ìsọ̀rí. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú di ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá rí ohunkóhun fún ìwé kankan rárá, ó ṣeé ṣe kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti dí port 210; ẹ gbìyànjú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn kí ẹ tó dá Koha lẹ́bi. Àwọn ìwé tí ISBN wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, ìyẹn àwọn tí National Library of Nigeria fún ní nọ́mbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní sí lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ni ẹ ó fi tẹ̀ wọ́n sínú àwọn àyè MARC: 020 fún ISBN, 082 fún Dewey, 100 fún òǹkọ̀wé, 245 fún àkọlé, 264 fún ilé ìtẹ̀wé àti ọdún, 300 fún iye ojú ewé, 650 fún ohun tí ìwé dá lé. Èdè Yorùbá wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ Yorùbá ní 896.333, ìtàn Nàìjíríà ní 966.9.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni ti ẹ̀dà. Ìwé kan náà wà ní ẹ̀dà 5, òṣìṣẹ́ á sì ṣe àkọsílẹ̀ 5. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà, kí ẹ so ẹ̀dà 5 mọ́ ọn. Bọ́tìnnì Add multiple copies wà fún un. Bí ẹ bá ti ṣe é lódì, wíwá ìwé kan á máa mú àkọlé kan náà jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò láti NUC (àjọ tó ń bójú tó yunifásítì) tàbí NCCE (ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́) bá sì bi yín pé àkọlé mélòó lẹ ní, iye tí ẹ ó pè kò ní jẹ́ òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni ó yẹ kí ilé ìkàwé Yorùbá fara balẹ̀ sí ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun sì ni àwọn tó ń gbé Koha kalẹ̀ fúnni kì í sọ. Koha lè gba ẹ, ọ, ṣ àti gbogbo àmì láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Wíwá wọn ni ìṣòro. Kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ni ó ń tò mọ́ra wọn. Àmì ìsàlẹ̀ náà pé méjì: àwọn kíbọ́ọ̀dù kan ń fi tó-tó sísàlẹ̀, àwọn mìíràn ń fi igi kékeré tó dúró ṣánṣán. Ojú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú Koha, ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra ni. Òṣìṣẹ́ kan á fi kíbọ́ọ̀dù kan tẹ ìwé wọlé ní òwúrọ̀, ìkejì á fi òmíràn tẹ̀ ní ọ̀sán, ìwé òǹkọ̀wé kan ṣoṣo á sì pín sí ọ̀nà méjì nínú kátálọ́ọ̀gì. Ẹ yan kíbọ́ọ̀dù kan, ìbáà ṣe ti Keyman lórí kọ̀ǹpútà tàbí ti Gboard lórí fóònù, kí gbogbo ilé máa lo òun nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó di fóònù mú kì í sì í fi àmì sí nǹkankan. Ekiti ni yóò tẹ̀, kì í ṣe Èkìtì. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń gbé Koha kalẹ̀ pé kó tan ICU, ètò tó mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, fún Zebra tí Koha fi ń wá ìwé (fáìlì default.idx ni a ti ń yí i) tàbí kó lo Elasticsearch dípò Zebra, kó sì ṣètò rẹ̀ kí àwárí máa fo àmì. Lẹ́yìn náà kó tún àtọ́ka kọ: sudo koha-rebuild-zebra -f -v ilekawe. Ẹ má san owó iṣẹ́ títí ẹ ó fi dán an wò fúnra yín: Èkìtì, Ekiti, Ọ̀ṣun, Osun, kí iye tó jáde bára mu. Ẹnìkan lè ní bí ó bá fo àmì, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á dàpọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó rí ìwé ogún lè ṣa tirẹ̀ nínú wọn, ẹni tí Koha sọ fún pé ìwé kò sí, ilé ló ń lọ.

Bí àkọlé tó wà nínú ìwé gan-an kò bá ní àmì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 245, kí ẹ wá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ní 246. Ẹ ṣọ́ 008 náà: Koha á kọ eng síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè ìwé tí ẹ kò bá yí i padà. Kóòdù yor ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún ìwé Yorùbá. Bí ìwé inú ilé bá pọ̀ ní Yorùbá, ẹ yí DefaultLanguageField008 fúnra rẹ̀ padà.

Àwọn tí rẹ́jísítà wọn ti wà nínú Excel lè kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. MarcEdit, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń sọ Excel di MARC. Kí ẹ tó fọwọ́ kan an, ẹ sọ òpó ISBN àti òpó nọ́mbà ìwé di Text, nítorí Excel a máa gé òdo tó wà níwájú dànù, a sì máa sọ ISBN gígùn di 9.78E+12. Nínú 952, àyè tí Koha ń fi ẹ̀dà ìwé sí, lẹ́tà a dúró fún ilé tó ni ìwé, b fún ibi tó wà, o fún nọ́mbà ẹ̀yìn ìwé, p fún bákóòdù, y fún irú ìwé. Kóòdù tó wà nínú Excel gbọ́dọ̀ bá ti orí bébà ògiri yẹn mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bk kì í ṣe BK. Ẹ fi ìwé 20 dánra wò, ẹ ṣí 5 nínú wọn wò, ẹ yá 1 jáde, ẹ gbà á padà. Bí ó bá dàrú, Undo import wà ní Manage staged MARC records.

Ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù kò yàtọ̀ sí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ ṣí Notepad kí ẹ fi ka ìwé kan: nọ́mbà gbọ́dọ̀ jáde, kó sì bọ́ sí ìlà tó kàn. Bí kò bá bọ́ sí ìlà tó kàn, ẹ wá àmì Enter nínú ìwé ìlànà rẹ̀ kí ẹ kà á. Bí Koha bá sì sọ pé òun kò mọ bákóòdù kan, ẹ wò ó dáadáa bóyá bákóòdù ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé ni òṣìṣẹ́ ń kà dípò ti ilé ìkàwé. Ẹ jẹ́ kí tiyín wà ní iwájú ìwé, lókè, ní igun kan náà nínú gbogbo ìwé.

Ohun tí kò dùn mọ́ wa nínú Koha ni ìròyìn. Láti mọ iye ìwé tó wà ní irú kọ̀ọ̀kan, SQL, èdè tí a fi ń bi àkójọ dátà ní ìbéèrè, ni ẹ ó kọ: SELECT itype, COUNT(*) FROM items GROUP BY itype. Èyí kúrú, àmọ́ àwọn mìíràn gùn, kò sì yẹ kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé gbọ́dọ̀ mọ SQL kó tó lè jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Èyí tó tu wá nínú ni pé àwọn tó ń lo Koha ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀ tí ẹ lè dà kọ, tí ẹ ó sì fi pa mọ́ sínú Reports. Àwọn System preferences náà pọ̀ jù. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ bá yí padà àti ọjọ́ tí ẹ yí i sínú ìwé kan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni Koha tuntun ń jáde, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Ẹ má sáré gbé e lọ́jọ́ tó bá jáde, ẹ jẹ́ kí oṣù mélòó kan kọjá lórí rẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ bá fi ìwé sínú kátálọ́ọ̀gì, tó rí i pé ó wọlé, tí àwárí kò sì rí i, àtọ́ka ló ti dákẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí iná bá lọ. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ ni sudo koha-zebra --restart ilekawe. Bí kò bá dá a padà, ẹ tún àtọ́ka kọ bí a ti wí lókè. Ìwé náà kò sọnù.

Ohun tó lè sọnù ni dísìkì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ sudo koha-dump ilekawe, á kó fáìlì méjì sí /var/spool/koha/ilekawe, ọ̀kan ní .sql.gz, èkejì ní .tar.gz. Ẹ da méjèèjì sórí fláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí fláàṣì náà má sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú sáfà. Nọ́mbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì kàn án, torí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tí Koha wà lórí rẹ̀, ẹ fi koha-restore dá fáìlì méjèèjì padà síbẹ̀, kí ẹ wá ìwé kan tí ẹ fi wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ó bá yọ sí yín, ẹ ní ẹ̀dà. Bí kò bá yọ, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ tún un ṣe.